Ọkọ̀ Tó Dára Jù

Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé náà tó lù, Selwyn Maddox ti nu ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Eruku kankan ò sí lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Inú gáréèjì ló ń gbé, aṣọ funfun ni wọ́n sì fi ń bò ó, aṣọ tí Olwen ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ó rọ̀ ju èyí tí òun ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì lọ. Ṣùgbọ́n ọkàn Selwyn ò balẹ̀. Gervase Thewlis ló ń bọ̀ wá wo ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá mọ ohun tí Thewlis jẹ́ láàárín àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ Tarrant kò ní béèrè ìdí tí ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin fi ń lọ tó ń bọ̀ lójúde bí ọmọ tó fẹ́ wọ yàrá ìdánwò.

Ilé-iṣẹ́ Tarrant ò ṣe ju igba ó lé méjìlá lọ nínú irú ọkọ̀ yìí kí wọ́n tó kógbá sílé ní Coventry. Ọkọ̀ eré ni, onílẹ̀kùn méjì, ó sì kúrú sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀, taya ọkọ̀ akẹ́rù ló máa ń wò lójú kojú. Nǹkan bí àádọ́rùn-ún ló ṣẹ́kù láyé, kò sì sí ọ̀kan tí Thewlis ò mọ̀ nínú wọn. Òun ló kọ ìwé tí gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Òun náà ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, ohun tó bá sì kọ síbẹ̀ nípa ọkọ̀ kan ni abẹ gé.

Nítorí ìbàdí ni Selwyn fi fẹ́ tà á. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, tó bá ti wọnú ọkọ̀ náà, Olwen ló máa ń fà á jáde, obìnrin náà a sì máa sọ pé òun ò fẹ́ ọkọ tí wọ́n ń fà yọ bí eyín. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Marcus Ebdon ti ní òun máa rà á tí Thewlis bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Owó tó fẹ́ san dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló gba Selwyn lọ́kàn. Ohun tó ń wá ò ju gbólóhùn kan lọ láti ẹnu Thewlis: pé iṣẹ́ náà dára. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi tún ọkọ̀ náà ṣe. Ó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kó tó kú, ó sì fẹ́ rí i lákọsílẹ̀.

Thewlis ló ṣáà dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Níbi oúnjẹ alẹ́ ẹgbẹ́ kan ní Malvern ló ti dìde, tó gbé ife wáìnì lọ́wọ́, tó ní òun rí ọkọ̀ kan níta tó dà bí alágbe: ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣá, awọ ìjókòó rẹ̀ ti sán, ẹni tó bá sì fẹ́ràn Tarrant lóòótọ́, ṣé ó máa jẹ́ kí ayé rí i báyẹn? Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sì sẹ́ni tí kò mọ ọkọ̀ tó ń bá wí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Selwyn náà rẹ́rìn-ín, ó sì wa ọkọ̀ náà padà sí ilé wọn lẹ́bàá Ludlow láìbá Olwen sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójú ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé sípánà. Ó gbé e fún ọdún mẹ́tàdínlógún.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ dé. Ọkọ̀ Thewlis ni wọ́n gbé wá, ọkọ̀ Japan tuntun tí ìjókòó rẹ̀ ń móoru, nítorí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ kì í fẹ́ kí òtútù mú wọn tí wọ́n bá ń lọ wò ó. Thewlis ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, gíga, gbígbẹ, táì ẹgbẹ́ lọ́rùn. Ó ká ègé kápẹ́ẹ̀tì kan sí abíyá, èyí tó máa ń fi kúnlẹ̀. Des Ruddock ló tẹ̀ lé e, pánẹ́ẹ̀lì bíítà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rẹ́ Selwyn láti ìgbà pípẹ́. Marcus tó fẹ́ ra ọkọ̀ ló ṣe ìkẹta wọn, ọkùnrin ogójì ọdún ó lé díẹ̀ tó ń ṣe kíṣìnnì sínú ilé àwọn olówó. Ọkọ̀ àtijọ́ márùn-ún ló ní nílé, kì í sì í wa ìkankan.

"Selwyn, ọkùnrin!" Des na ọwọ́ sí i. "Wọ́n ní wọ́n ti fi irin sí ọ ní ìbàdí. Ṣé irin náà bá ọdún tí wọ́n ṣe ọ́ mu ṣá?"

"Irin tuntun ni. Má jẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Thewlis gbọ́."

"Ó ti gbọ́," ni Thewlis wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Ṣí i ká wò ó."

Selwyn fa aṣọ náà kúrò. Ọkọ̀ ọ̀hún yọ, àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀, ó ń dán débi pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí ojú ara wọn lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Marcus mí kanlẹ̀. Selwyn gbọ́ ọ, inú rẹ̀ sì dùn. Kò mọ̀ pé irú ìmí tí ènìyàn ń mí nígbà tó bá débi òkú ni.

Ẹ wá wo bí àwọn ènìyàn yìí ṣe ń yẹ ọkọ̀ wò. Wọn kì í wò ó bí ẹ̀yin àti èmi ṣe máa wò ó, kí á ní ó dára, kí á fẹsẹ̀ gbá taya rẹ̀, kí á máa lọ. Thewlis tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé imú sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn rẹ̀. Des yọ mágínẹ́ẹ̀tì kan tó ti wọ̀ ní ìbọ̀sẹ̀ kó má baà họ ọ̀dà, ó ń gbé e káàkiri ara irin láti wò ó bóyá pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò wà lábẹ́ ọ̀dà. Ibi gbogbo ni mágínẹ́ẹ̀tì náà ti ń lẹ̀.

"Kò sí pọ́tì kankan níbí o," ni Des wí, ó sì ṣẹ́jú sí Selwyn. "Irin gidi látòkè délẹ̀. Ìwọ yìí burú."

"Mi ò fi pọ́tì sí i. Ibi tó bá ti jẹrà, mo gé e dànù ni, mo rọ irin mìíràn síbẹ̀."

Thewlis ń fi ìka àárín rẹ̀ wọn àlàfo etí ilẹ̀kùn. Ó ṣe é láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dìde, ó lọ sí òdìkejì, ó tún un ṣe. "Ó dọ́gba," ni ó sọ nígbẹ̀yìn. "Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì."

"Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe ibẹ̀ yẹn," ni Selwyn dáhùn, àyà rẹ̀ sì ń wú.

"Mo gbà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi ń ṣe é ní Coventry. Òòlù onígi ni wọ́n ń fi lù ú títí á fi wọlé. Ilẹ̀kùn Tarrant kan ò dọ́gba rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣe é."

Selwyn bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ń yin òun ni. Ó wojú Des kí àwọn jọ rín in. Des ti bojú wolẹ̀, ó ń tún ìbọ̀sẹ̀ mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ̀.

Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Thewlis tan tọ́ọ̀ṣì sí igun òsì, lẹ́bàá ìdè rẹ̀, ó sì ń wá nǹkan kan níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Níbo ni ẹ̀kán ọ̀dà ibí yìí wà?"

"Ẹ̀kán wo?"

"Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń kun bọ́nẹ́ẹ̀tì fún wọn. Ọ̀nà kan náà ló máa ń gbà fi wọ́n kọ́, ọ̀dà á sì ṣàn síbí yìí, á gbẹ síbẹ̀. Gbogbo Tarrant tí ọwọ́ ò tíì kàn ló ní in."

"Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀," ni Selwyn wí. "Mo yọ ọ́. Ó ń dójú ti ọkọ̀ náà."

"Ó yọ ọ́," ni Thewlis sọ fún Marcus, bí dókítà ṣe ń sọ̀rọ̀ aláìsàn létí aláìsàn.

"Ilà ojú síkúrù wọ̀nyí ńkọ́, tí gbogbo wọn dúró lóòró?" ni Marcus béèrè. Ó ti ń tẹ orí ba ẹ́ńjìnnì. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà láti ilé-iṣẹ́?"

"Ibi tí síkúrù bá ti le ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ sí," ni Thewlis dáhùn. "Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ fún wákàtí kan ààbọ̀. Wọ́n wá àmì ṣọ́ọ̀kì tí ọ̀gá ayẹ̀wò máa ń fà sí ẹ̀yìn ìjókòó. Selwyn ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Wọ́n wá ibi tí irin ti máa ń rí gbágungbàgun lábẹ́ bọ́ọ̀tì. Selwyn ti ha á títí tó fi jọ̀lọ̀. Gbogbo ibi tó ti fi ọ̀sẹ̀ àti oṣù ṣòfò ni Thewlis ń fi tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tọ́ka sí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láìṣìnà, ó sì ń dun Selwyn bíi kí wọ́n máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹni síni létí. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro Selwyn. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́.

"Awọ ìjókòó àtijọ́ ńkọ́?" ni Thewlis bi í. "Ibo lo kó wọn sí?"

"Mo sun wọ́n."

Des súfèé. Marcus fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ máa rò pé ènìyàn ló ní òun sun.

Àsìkò yẹn gan-an ni Olwen gbé tíì wọlé, pẹ̀lú kéèkì eléso àjàrà tó gé sórí àwo. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ sọ. "Mo ní kó má sun wọ́n," ló wí, ó sì ń gbé ife fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Inú ọkọ̀ yẹn la ti tọ́ Carys ọmọ wa. Ó da wàrà sórí ìjókòó ẹ̀yìn, kò jáde mọ́. Ó tún fi píìnì họ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sára awọ náà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Bàbá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lọ́jọ́ náà."

"Ha, màmá!" Marcus gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn. "Wàrà gidi! Ti ẹbí kan ṣoṣo! Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Ìtàn nìyẹn. Ohun tí gbogbo ayé ń wá nìyẹn báyìí."

Olwen wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Èmi mọ ohun tó jẹ́," ló wí.

Thewlis jẹ kéèkì rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó nu ìka, ó ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Selwyn," ló wí, "ọwọ́ rẹ dára. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, mi ò sì ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ó ti dára jù. Èyí kì í ṣe Tarrant mọ́. Ọkọ̀ tí Maddox ṣe ni. Ohun tí mo máa kọ sínú ìwé ni pé wọ́n ti tún un ṣe pátápátá, kò sí ohun àtilẹ̀wá lára rẹ̀ mọ́."

Ìbínú ru bo Selwyn lójú. Ó dìde lórí àpótí láìrántí ìbàdí rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é! Ẹ̀yin, Ọ̀gbẹ́ni Thewlis! Ní Malvern, níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ ní ọkọ̀ mi dà bí alágbe. Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ràn Tarrant kò ní jẹ́ kí wọ́n rí i báyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tú u palẹ̀!"

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?" Thewlis ronú díẹ̀. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ń wá a lóòótọ́, kò sì rí i. "Ó ṣeé ṣe. Gbogbo wa là ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn."

"Gbogbo yín?"

"Ayé ìgbà yẹn nìyẹn. Dídán la fẹ́. Ìsinsìnyí, ara àtilẹ̀wá la fẹ́." Ó na ọwọ́ mú ègé kéèkì kejì. "Kéèkì yìí dára gan-an, Olwen."

Ohun tó bí èmi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ká ní Thewlis jiyàn ni, ká ní ó bínú, Selwyn ì bá rí nǹkan dì mú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gba ọdún mẹ́tàdínlógún lọ́wọ́ ènìyàn, ẹni tó sọ ọ́ ò rántí pé òun sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ àwọn onífàájì yìí ṣe rí nìyẹn. Wọn á pa àṣẹ lónìí, wọn á yí i padà lọ́la, ẹni tó gbọ́ràn ni yóò jẹ̀bi.

Marcus wúkọ́. Kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dà rú. "Ẹ má bínú, bàbá. Mo ṣì fẹ́ ra ọkọ̀ náà. A lè dá a padà. Ọkùnrin kan wà ní ìhà Oxford tó ń sọ ọ̀dà tuntun di ti àtijọ́. Á ha á, á fi iná tó ń jó bí oòrùn sá a, á fi tíì kun ojú aago rẹ̀. Tó bá parí, ẹ ò lè mọ̀ rárá."

"Èmi mọ̀," ni Thewlis wí. "Kọfí ló ń lò, kì í ṣe tíì, ó sì máa ń pọ̀ jù." Ó tún ń wo ọkọ̀ náà, ó ń wo Selwyn. "Ẹni tó mọ ọkọ̀ yìí jù ní ayé ló dúró yìí. Selwyn mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ṣá tẹ́lẹ̀. Ó mọ ibi tí àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan wà. Tó bá fara balẹ̀ ṣe é, mo lè padà wá wò ó nígbà ìwọ́wé. Ohun tí mo bá rí nígbà yẹn ni màá kọ."

"Gervase," ni Des wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ìyẹn ò dáa o."

"Kí ni kò dáa níbẹ̀? Ọkọ̀ kan náà ni. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ò yí padà, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ò yí padà. À ń fún un ní ojú tó ní tẹ́lẹ̀ ni."

Olwen ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ife padà sórí àwo, bí wọ́n tiẹ̀ ṣì ń mu ún. "Selwyn, ní kí wọ́n máa lọ," ló wí. "Ìwọ lo ni ilé. Ní kí wọ́n máa lọ."

Selwyn ò wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Thewlis ló ń wò. "Kí lẹ máa kọ?" ló béèrè. "Kí lẹ máa kọ gan-an?"

"Tó bá rí bó ṣe yẹ? Màá kọ ọ́ pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn án rí. Pé kò sí èyí tó dára tó o ní gbogbo ilẹ̀ yìí."

"Pẹ̀lú ọwọ́ ara yín?"

"Pẹ̀lú ọwọ́ ara mi."

Des ti jáde síta, ó ní òun fẹ́ fa sìgá, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti jáwọ́ nínú sìgá. Selwyn wo ọkọ̀ náà, ó wo ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì tó dọ́gba, ó sì bi Thewlis bóyá apá ọ̀tún ni oòrùn ti máa ń kọ́kọ́ jẹ ọ̀dà àbí apá òsì. Thewlis ní apá méjèèjì ni, oòrùn kì í dá ẹ̀gbẹ́ kan sí. Nígbà tó ń dáhùn, ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ẹni tó ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò bá Selwyn fi ohùn yẹn sọ̀rọ̀ rí.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Selwyn bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sọ sáńpépà sínú rẹ̀ kó rọ̀. Ìpele ọ̀dà mọ́kànlá ló wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. Ó mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló fín wọn, òun ló sì fi ọwọ́ ha ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Ó dúró pẹ́ pẹ̀lú sáńpépà tó ń ro omi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé e lé etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Kò ha á bí ẹni tó ń bínú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń ṣe é, ó ń fi omi sí i, ó ń nù ún, ó ń gbé ojú sún mọ́ ọn. Kò tó wákàtí kan tí ibẹ̀ fi dà bíi pé ọgọ́ta ọdún ni oòrùn àti òjò ti ń nà án. Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú tì í pé inú òun dùn.

Olwen wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbé tíì wá.

"Ó ní òun máa padà wá nígbà ìwọ́wé," ni Selwyn wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bi í.

"Mo gbọ́ ohun tó sọ. Mo wà níbẹ̀." Ó wo etí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, ó wo omi àwọ̀ ewé tó ń ṣàn lọ sílẹ̀. "Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń jẹun alẹ́ lémi nìkan, Selwyn. Mo máa ń sọ fún ara mi pé kò burú, ó ṣáà ní ohun tó fẹ́ràn. Mo máa ń fi yangàn fún àwọn èèyàn mi pé ọkọ mi mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìfẹ́. Mo rò pé ọkọ̀ yẹn lo fẹ́ràn."

Selwyn la ẹnu. Ó wá ohun tó máa sọ, ó wá a lóòótọ́, kò sì sí ọ̀kankan tó wá sí i lẹ́nu tó jẹ́ òtítọ́. Olwen rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó padà sínú ilé. Selwyn ri sáńpépà bọ omi, ó sì kọjá sí apá kejì.